Irin tó ń ta sára géètì: owó jórinjórin ló ń dà sílẹ̀

Ẹni tó bá dé ṣọ́ọ̀bù jórinjórin nírọ̀lẹ́ lè bá ọmọ iṣẹ́ kan tó tẹ ẹ̀rọ fáìlìn mọ́ géètì tí wọ́n ti jó tán láti ọ̀sán, tó ń họ àwọn kóró irin wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Oníbàárà kì í sanwó iṣẹ́ yìí lọ́tọ̀. Dísìkì ń jẹ tán, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, ọmọ iṣẹ́ náà kò sì ráyè ṣe nǹkan mìíràn. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọwọ́ kúrò nínú owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà nínú èrè kì í ṣe kékeré mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tó ń kúrò nídìí ẹ̀lẹ́kítíróòdù bọ́ sídìí ẹ̀rọ tó ń fa wáyà jù lọ. Wáyà tí wọ́n ń pè ní flux core ní ihò nínú: irin ló wà lóde, èròjà lẹ́búlẹ́bú ló kún inú rẹ̀. Bí iná bá mú un, èròjà yìí á di èéfín tó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò lójú irin tó yọ́, á sì di ìdàrọ́ tó bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irú rẹ̀ kan kò fi nílò sílíńdà gáàsì rárá, tí atẹ́gùn ẹ̀bá títì kò sì tètè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Àmọ́ ó máa ń ta ju wáyà tó ń lo gáàsì lọ. Bí iṣẹ́ bá lọ déédéé pàápàá, nínú kílò 5 tí wọ́n rà, nǹkan bíi kílò 4 ló ń wọ ojú iṣẹ́. Bí nǹkan kò bá wá lọ déédéé, òfò náà á ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Okùn méjì péré ló sábà máa ń fa wàhálà yìí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń fi wáyà lásán àti gáàsì ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ojú pósítíìfù (+) ni okùn ìbọn rẹ̀ wà, ẹ́ẹ̀tì sì wà lójú nẹ́gétíìfù (-). Ìdàkejì rẹ̀ gan-an ni wáyà flux core tí kò lo gáàsì ń fẹ́: ìbọn lójú nẹ́gétíìfù, ẹ́ẹ̀tì lójú pósítíìfù. Bí wọn kò bá yí i, yóò máa ta bí epo àkàrà tí omi kán sí, ojú jíjó á rí kúlúkúlú, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù á sì máa bínú sí ẹni tó ta wáyà fún un láìnídìí. Kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n tú okùn méjèèjì, kí wọ́n yí wọn padà, ó tán. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí wáyà ni kí wọ́n fi ṣe atọ́nà. E71T-11 àti E71T-GS kò lo gáàsì, nẹ́gétíìfù ni ìbọn wọn. E71T-1 ń lo gáàsì ní tirẹ̀, pósítíìfù sì ni. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé iná AC ni wọ́n ń gbé jáde, tí kò sí okùn tí èèyàn lè yí nínú wọn. Ẹni tó ń fi géètì ṣíṣe jẹun kò ní nǹkan án fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn èyí ló kan ọwọ́ oníṣẹ́. Wáyà tó yọ lẹ́nu ìbọn yẹ kó gùn tó mìlímítà 12 sí 19. Fífà ni wọ́n ń fa ìbọn, wọn kì í tì í síwájú. Ẹni tó ti lo ẹ̀lẹ́kítíróòdù mọ ìyẹn. Bí fólítéèjì bá pọ̀ jù, iná á gùn, á máa fọ́n irin káàkiri. Bí wáyà bá sì ń yára jù, á máa gún irin, á máa ti ọwọ́ padà. Orí àjákù irin ló yẹ kí wọ́n ti dán an wò títí ohùn rẹ̀ yóò fi dún ṣìì bí ohun tí wọ́n ń dín, láìdáwọ́ dúró. Jẹnẹrétọ̀ tí ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ gbàrà tí wọ́n bá tẹ ìbọn kò lè gbé iṣẹ́ náà. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ fún róólà tó ń ti wáyà le jù, torí pé wáyà oníhò máa ń tẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ìpẹtà, ọ̀dà àti òróró náà ń mú kí irin ta. Páìpù galvanised ló burú jù nínú wọn. Síńkì tí wọ́n fi bò ó lára ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 907 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ irin kì í yọ́ títí di nǹkan bí 1,500. Síńkì yẹn á bú jáde láàárín irin tó ń yọ́, èéfín funfun rẹ̀ sì lè dá ibà sí oníṣẹ́ lára lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí wọ́n họ ọ́ kúrò níbi tí wọ́n fẹ́ jó, kí wọ́n sì họ ibi tí ẹ́ẹ̀tì yóò dì mú náà.

Oògùn kan wà tí wọ́n ń fín sára irin kí kóró má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ojú iṣẹ́ ni wọ́n ń fín in sí, kì í ṣe ojú rẹ̀ gan-an, nítorí ó lè mú kí jíjó náà ní ihò. Wáyà tó ṣẹ́ kù kò gbọ́dọ̀ sùn sínú ẹ̀rọ lásìkò òjò. Inú ọ̀rá tí wọ́n dì dáadáa ni kó wà.

Ẹni tó bá sì fẹ́ fi wáyà yìí ṣe ìdúró táǹkì omi gbọ́dọ̀ tún páálí wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń jó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe E71T-GS fún. Bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó, kì í ṣe òun ni wọ́n ń fi gbé táǹkì lítà 2,000 sókè.