Àyè tí a Yọ̀ǹda fún Ipò Ihò Onítíréèdì: Ìdíwọ̀n Rẹ̀ àti Èdè Ìṣàlàyé Rẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí olùkọ́ èdè abínibí ṣèrànwọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí yóò fún un ní wàhálà ni èyí tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní tọ́lẹ́ráǹsì. Bí ó bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, ìfaradà ni ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ rí. Ìfaradà dára láàrin ọmọ ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwà kọ́ ni ẹnjiníà ń sọ. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni àyè tí a yọ̀ǹda kí iṣẹ́ fi yàtọ̀ sí bí a ti yà á sórí ìwé, kí a má sì kọ̀ ọ́. Ẹyọ kan nínú irú àyè bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀wò, ìyẹn èyí tí a yọ̀ǹda fún ipò ihò onítíréèdì, nítorí pé ó ṣòro láti fún ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kò yé ni ní orúkọ tí yóò bá a mu.

Ihò onítíréèdì ni ihò tí a gbẹ́ kòtò yíyí sí ara ògiri rẹ̀ kí bóòtì lè yí wọ inú rẹ̀. Irú rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, níbi tí bóòtì bíi mẹ́wàá ti ń gba inú orí ẹ́ńjìnnì kọjá, tí gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ bá ihò tiwọn nísàlẹ̀. Bí ihò kan bá ṣí kúrò ní ipò rẹ̀, mẹkáníìkì yóò fi agbára yí bóòtì náà wọlé, tíréèdì a sì bàjẹ́.

Láyé àtijọ́, ìwọ̀n méjì ni ayàwòrán máa ń fún ihò, ìyẹn bí ó ṣe jìnnà sí etí kan àti bí ó ṣe jìnnà sí etí kejì, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí ìkọ̀ọ̀kan lè fi dín tàbí fi lé. Àyè onígun mẹ́rin ni èyí ń bí. Stanley Parker, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ohun ìjà inú omi ní Alexandria ní ilẹ̀ Scotland, ni a sábà ń dárúkọ mọ́ àkíyèsí pé onígun mẹ́rin náà kò bá bóòtì mu. Bí ihò ṣe jìnnà tó sí ojú ibi tí ó yẹ ni ó ṣe pàtàkì fún bóòtì, kì í ṣe ìhà tí ihò ṣí sí. Òbìrí ni ó yẹ kí àyè náà jẹ́. Bí a bá fa òbìrí tí ó kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin onígun mẹ́rin náà, yóò fi nǹkan bí ìdá 57 nínú 100 tóbi jù ú lọ. Iṣẹ́ tí ó bọ́ sínú ìyàtọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń dànù láìnídìí.

A lè fi ihò M10 ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí bóòtì mílímítà 10 ń wọ̀, tí tíréèdì kan sì fi mílímítà 1.5 jìnnà sí èkejì. Ká ní òbìrí tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 0.2 ni a yọ̀ǹda, àárín ihò sì fi 0.09 ṣí sí ọ̀tún, ó fi 0.02 ṣí sókè. Bí a bá sọ nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, tí a ro àbájáde méjèèjì pọ̀, tí a sì wá gbòǹgbò àròpọ̀ náà, 0.092 ni yóò jáde. Ìyẹn ni jíjìnnà rẹ̀. A ó tún sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 0.184, nítorí pé láti etí òbìrí dé etí kejì ni a wọn 0.2 tí a yọ̀ǹda. Ihò náà yege. Onígun mẹ́rin tí ó wà nínú òbìrí náà ì bá kọ̀ ọ́, nítorí nǹkan bí 0.07 péré ni ó gbà ní ìhà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rọ tí ń ṣe ìwọ̀n yìí ni wọ́n ń pè ní CMM. Apá kan ń rìn lókè tábìlì òkúta, síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, sókè sódò. Ọ̀pá tín-ínrín tí ó ní bọ́ọ̀lù rúbì kékeré ní ẹnu wà ní ìdí rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí bọ́ọ̀lù bá fara kan irin, kọ̀ǹpútà a kọ ipò rẹ̀ sílẹ̀. Bí ògiri ihò bá dán, iṣẹ́ kò pọ̀: ọ̀pá a kàn án ní ibi mẹ́rin, kọ̀ǹpútà a ṣírò àárín. Tíréèdì kò gba bẹ́ẹ̀, nítorí pé ńṣe ni ó ń gòkè bí ó ti ń yí, bí àtẹ̀gùn tí ó lọ́ mọ́ òpó. Bí ọ̀pá bá kan góńgó tíréèdì ní ìhà kan, tí ó sì kan òdìkejì ní ìwọ̀n gíga kan náà, kòtò ni yóò bá níbẹ̀. Lára M10, góńgó sí ìdí kòtò tó mílímítà 0.8. Bí bọ́ọ̀lù bá kéré tó láti wọ kòtò náà, àárín tí kọ̀ǹpútà yóò ṣírò lè fi nǹkan bíi 0.4 ṣí, ìlọ́po méjì gbogbo àyè tí a yọ̀ǹda, lára ihò tí kò ní àbùkù kankan. Kọ̀ǹpútà kò purọ́. Ibi tí wọ́n ní kí ó fọwọ́ kàn ni kò tọ́.

Àtúnṣe kan ni pé kí ọ̀pá máa bá tíréèdì rìn. Bí ó bá yí ìdá kan nínú mẹ́rin òbìrí, kí ó gòkè tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀ ní 0.375, tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin 1.5, kí ó lè máa kan ojú ibi kan náà lára tíréèdì. Èyí tí ó pẹ́ jù, tí ó sì sún mọ́ ìṣe bóòtì jù, ni kí a yí ọ̀pá àyẹ̀wò onítíréèdì wọ inú ihò, kí orí rẹ̀ tí ó dán yọ síta, kí ẹ̀rọ sì wọn orí náà ní gíga méjì ó kéré tán. Ìlànà ASME Y14.5 ti Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ pé, àyàfi bí àwòrán bá sọ ohun mìíràn, ìlà àárín tí a ń wá kì í ṣe ti góńgó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìdí kòtò. Ti agbedeméjì ẹ̀gbẹ́ tíréèdì ni, níbi tí bóòtì àti ihò ti ń fara ti ara wọn. Ìlà náà sì lè dagun. Dídagun tí kò tó nǹkan nínú ihò a di púpọ̀ lókè, níbi tí bóòtì ti gba inú irin kejì kọjá. Ìdí nìyí tí ayàwòrán fi lè fi lẹ́tà P inú òbìrí sórí ìwé, kí àyè tí a yọ̀ǹda lè yọ síta láti ojú irin dé ìwọ̀n gíga irin kejì.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ irin ni ó dá lé. Àwọn mẹkáníìkì ní tiwọn ti sọ bóòtì àti tíréèdì di Yorùbá, kò sì sí èrè nínú kí olùkọ́ ṣẹ̀dá òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò ní í lò ní ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ibi tí ṣọ́ọ̀bù kò ní ọ̀rọ̀: àyè tí a yọ̀ǹda, ìlà àárín, jíjìnnà, ìdábùú. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ya méjì tí ó gbẹ̀yìn yìí sọ́tọ̀, bí ó ti wù kí ó dùn létí tó, yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ 0.092 síbi tí ó yẹ kí ó kọ 0.184. Olùkọ́ Hausa tàbí Igbo lè fi ìbéèrè kan náà dán ọ̀rọ̀ èdè tirẹ̀ wò kí ó tó kọ ọ́ sójú pátákó.