Ìwọ̀n Dátà Nínú Mọ́dúlétọ̀ Tẹlifíṣọ̀n: Ìlàlóye fún Àwọn Tó Ń Bójú Tó Gbọ̀ngàn àti Ilé Gbígbé ní National Harbor

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n ní òtẹ́ẹ̀lì, ilé gbígbé, ilé ìjọsìn àti gbọ̀ngàn ayẹyẹ ní National Harbor àti káàkiri Prince George's County la kọ ìwé yìí fún. Bí ẹ bá ń gba àwòrán lára kámẹ́rà, tí ẹ sì ń fi mọ́dúlétọ̀ gbé e gba inú wáyà éríà lọ sí tẹlifíṣọ̀n gbogbo yàrá, ọ̀rọ̀ yín là ń sọ.

Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2009 tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá Amẹ́ríkà ti pa ìgbì àtijọ́ tì, díjítà ni wọ́n ń lò. Ṣánẹ́ẹ̀lì kan fẹ̀ tó mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì 6. Nínú àyè yẹn, ọ̀nà 8VSB tí éríà ń gbà kò lè gbé ju mẹ́gábíìtì 19.39 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 256-QAM tí àwọn oníkébù ń lò ń gbé nǹkan bíi 38.8, torí inú wáyà kò ní ìdíwọ́ tó ojú òfurufú. Kò sí bọ́tìnì tí ẹ máa tẹ̀ tí 19.39 á fi di 25.

Ẹ fi ṣánẹ́ẹ̀lì wé dáńfó tó gbọ́dọ̀ gbéra lásìkò, èrò kún un o, èrò ò kún un o. Páákẹ́ẹ̀tì báìtì 188 ni dátà fi ń rìn. Bí ẹ́nkódà, ẹ̀rọ tó ń fún àwòrán pọ̀, bá mú díẹ̀ wá, mọ́dúlétọ̀ á fi páákẹ́ẹ̀tì òfìfo, èyí tó ń jẹ́ nọ́ńbà 8191, dí àyè tó kù. Tẹlifíṣọ̀n ò ní kà wọ́n sí. Àmọ́ bí dátà bá ju àyè lọ, àwọn kan á já sílẹ̀: ojú ìyàwó á fọ́ yángá-yángá, ohùn alága ìjókòó á máa gé.

Ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ló sì máa ń ṣẹlẹ̀. Bí pásítọ̀ bá dúró lójú kan tó ń wàásù, dátà díẹ̀ ti tó, torí ohun tó bá yí padà nínú àwòrán ló ń gba dátà jù. Ẹ wá jẹ́ kí tọkọtaya bọ́ sójú agbo: dọ́là ń fò, léèsì olókùúta ń kọ mànà, iná aláràbarà ń yí. Kò sí ibì kan nínú àwòrán tó dúró jẹ́ẹ́. Bó bá jẹ́ VBR, ìwọ̀n dátà tó ń yí padà, lẹ fi ẹ́nkódà sí, tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 17, tí ẹ ò fi gbèdéke sí òkè, ó lè fò kọjá 19.39 fìrí, kó sì ti sọ̀kalẹ̀ kí onímọ̀ ẹ̀rọ tó sáré dé. Òun náà á ní òun ò rí nǹkan kan.

CBR, ìwọ̀n dátà tí kì í yí padà, ni kí ẹ lò. Lórí 8VSB, àpapọ̀ àwòrán, ohùn àti àtẹ ètò ò gbọdọ̀ ju 18 lọ. HD kan lórí ọ̀nà ìfúnpọ̀ MPEG-2, mẹ́gábíìtì 14 tàbí 15 ti tó. Ohùn AC-3 kò sábà ju kìlóbíìtì 384 lọ. HD méjì lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n pẹ̀lú MPEG-2, a ò gbà yín níyànjú bí ijó bá wà níbẹ̀. H.264 ń fún àwòrán pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àwọn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan ò mọ̀ ọ́n. Èyí tó gbó jù nínú ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò.

Bí àwòrán bá fọ́ lórí gbogbo tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ yẹ ìwọ̀n dátà wò. Bó bá jẹ́ yàrá kan ṣoṣo, wáyà tàbí orí wáyà ni kí ẹ fura sí.

Bí ẹ bá ń da àwòrán yín pọ̀ mọ́ ìkànnì ojú òfurufú lórí wáyà kan náà, ẹ yẹra fún ṣánẹ́ẹ̀lì 7 àti 9: ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WJLA wà lórí 7, WUSA wà lórí 9. Nọ́ńbà tó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ti ìgbì. 4 ni ilé-iṣẹ́ WRC ń pe ara rẹ̀, kò sì sí lórí 4. Bí ẹ bá fẹ́ ra mọ́dúlétọ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà, níbi tí ọ̀nà DVB-T2 ti jọba, kò ní wúlò fún tẹlifíṣọ̀n tí ẹ rà níhìn-ín.

Ẹ má so mọ́dúlétọ̀ mọ́ éríà láti fi gbé ìgbì jáde láé. Gbígbé ìgbì sójú òfurufú láìgba ìwé àṣẹ FCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìgbì, lòdì sí òfin ìjọba àpapọ̀, ì báà jẹ́ ìsìn ọjọ́ Àìkú lásán.