Ibi Tí Ó Yẹ Kí A Dúró Sí Láti Wo Ìràwọ̀

Bí òǹtajà kan bá fẹ́ ṣí ìsọ̀, kì í ṣe ọjà nìkan ni ó ń rò, bí kò ṣe ibi tí yóò pàtẹ rẹ̀ sí pẹ̀lú. Nítorí pé ọjà dáradára tí a gbé sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í gbà yóò bà jẹ́ mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ wíwo ìràwọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí ó ra awò awọ̀nàjíjìn olówó iyebíye, tí ó sì gbé e kalẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti fara balẹ̀, òfo ni ó ra. Orílẹ̀-èdè ńlá pàápàá ti náwó gọbọi kí ó tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ó sì dára kí ẹ̀yin òǹkàwé wa gbọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ìràwọ̀ a máa ṣẹ́jú lóru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn réré láìmì láìyẹ̀. Ìgbà tí ó bá wọ inú afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé wa ká ni ìyọnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná àti afẹ́fẹ́ tútù ń rú pọ̀ mọ́ ara wọn lókè, wọ́n sì ń ti ìmọ́lẹ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá ti wo ojú ẹnìkejì rẹ̀ láti òdìkejì iná tí a fi ń yan gààrí mọ ohun tí à ń wí: ojú yóò máa mì, ẹnu yóò máa wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà jókòó jẹ́ẹ́. Awò awọ̀nàjíjìn kò lè wo àrùn yìí sàn, nítorí pé bí ó ti ń sọ ìràwọ̀ di ńlá ni ó ń sọ mímì rẹ̀ di ńlá pẹ̀lú.

Nítorí náà, ojú ọ̀run tí ó mọ́ yàtọ̀ sí ojú ọ̀run tí ó dúró. Òru kan lè wà tí ìkùukùu kò sí rárá, tí ìràwọ̀ sì ń jó bí ẹni tí ìlù gùn. Òru mìíràn lè ṣú díẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì dúró ṣinṣin bí omi inú àmù.

Isaac Newton, ọlọ́gbọ́n ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, ti sọ èyí láti 1704 nínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Opticks. Ó wí pé kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí awò tí yóò mú gbígbọ̀n afẹ́fẹ́ kúrò, àfi kí á wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti parọ́rọ́, irú èyí tí a lè rí ní orí òkè gíga, lókè ìkùukùu. Ó ju àádọ́jọ ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó dán ìmọ̀ràn yìí wò dáadáa.

Ẹni tí ó dán an wò ni Charles Piazzi Smyth, olórí awòràwọ̀ ìjọba ní Skọ́tílándì, ẹni tí èéfín ìlú Edinburgh ti sú. Ní 1856 ó gba £500 lọ́wọ́ ìjọba, ó sì bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Tenerife, òun àti ìyàwó rẹ̀. Tenerife jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Canary, tí wọ́n wà nínú òkun lápá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n sì jẹ́ ti Spéìn. Àwọn ará wa tí wọ́n bá ọkọ̀ méèlì lọ sí Liverpool láyé ijọ́un mọ Las Palmas tí ọkọ̀ a máa yà sí. Inú àwọn erékùṣù kan náà ni ó wà. Ìbaaka ni wọ́n fi ru ẹrù gun orí òkè Guajara, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8,900. Wọ́n to òkúta yí àgọ́ wọn ká nítorí ìjì. Nígbà tí Smyth sì rí i pé ekuru ṣì ń bo ojú ọ̀run níbẹ̀, ó tún gòkè lọ sí Alta Vista, tí ó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10,700. Àwọn ìràwọ̀ tíntìntín tí kò lè rí ní Edinburgh hàn sí i kedere.

Kí ni ó mú kí ibẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀? Afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ wá láti àríwá-ìlà-oòrùn ń rìn lórí òkun tútù ní ọ̀nà jíjìn, kò gba orí ìlú tàbí ilẹ̀ gbígbóná kọjá, nítorí náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ó ń ṣàn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ó móoru sì tẹ́ sókè bí ọmọrí ìkòkò, kò jẹ́ kí ìkùukùu gòkè. Ìkùukùu a wá tẹ́ lọ bí òwú sí ìdajì òkè, orí òkè a sì yọ sí gbangba. Kì í ṣe gíga nìkan, nítorí pé òkè gíga tí àwọn òkè mìíràn dí níwájú, afẹ́fẹ́ tí ó ti fọ́ yángá ni yóò kàn án, bí omi tí ó ti kọlu àpáta. Àwọn baba wa wí pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ní 1967 àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé awò awọ̀nàjíjìn ńlá kan kalẹ̀ sí Herstmonceux ní ẹkùn Sussex, nítòsí àbàtà, níbi tí ìkùukùu àti ìrì kì í jìnnà. Dígí rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 98. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ni ó ṣí i, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ ni orúkọ Isaac Newton, ẹni tí ó ti kìlọ̀ fún wọn láti 1704! Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé ibẹ̀ kò yẹ ẹ́. Ní 1979 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u palẹ̀, wọ́n fún un ní dígí titun, ó sì di 1984 kí ó tó tún ríran ní erékùṣù La Palma, aládùúgbò Tenerife.

Àwọn awòràwọ̀ ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ó dára. Ẹ fi owó ṣílè kan sí ibi tí ó jìnnà ní máìlì 3, kí ẹ sì wò ó: bí ó ti kéré tó lójú yín ni kí ìràwọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń mì kéré tó, tàbí kí ó tilẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóru púpọ̀ ni La Palma kún ojú òṣùwọ̀n yìí. Lóde òní àwọn dígí kan wà tí ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún láti tún ohun tí afẹ́fẹ́ bàjẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ ti rọ̀ ni iṣẹ́ wọn ti ń yọrí jù. Àwọn ará Spéìn mọ iyì ohun tí wọ́n ní, nítorí náà wọ́n ṣe òfin ní 1988 láti máa ṣọ́ fìtílà ìgboro níbẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má baà bo ojú ọ̀run.

Àwa tí a kò lè lọ sí La Palma ńkọ́? Ọgbọ́n kan náà ni. Ẹ má ṣe dúró sí ibi tí ẹ ó ti máa wo ìràwọ̀ gba orí òrùlé páànù tàbí ọ̀nà ọlọ́dà, nítorí ooru tí wọ́n gbà lọ́sàn-án ni wọ́n ń tú jáde lóru; pápá tí koríko wà sàn jù. Ẹ dúró di ọ̀gànjọ́, kí ilẹ̀ tó tutù. Ẹ gbé awò yín síta ní wákàtí kan ṣáájú, kí ó bá afẹ́fẹ́ ìta dọ́gba. Ẹ wo àtàrí ọ̀run, kì í ṣe ẹsẹ̀ ọ̀run, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó wà láàárín yín àti ẹsẹ̀ ọ̀run nípọn púpọ̀. Ẹ má fi Àgùàlà ṣe òṣùwọ̀n. Ó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́jú. Ìràwọ̀ gidi ni kí ẹ wò, ẹ sì lọ sí ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní òru ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó yan ọ̀kan.

Bí ẹ bá ń gbèrò láti ra awò fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí fún àwọn ọmọ yín, ẹ wá ibi tí ẹ ó gbé e sí ná, kí ẹ tó tú àpò owó. Ìràwọ̀ kò ní ṣí kúrò níbi tí ó wà. Àwa ni kí á mọ ibi tí a ó dúró sí.