Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹran wo ló wà nínú abọ́ yín?

Ní oṣù kìíní ọdún 2013, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Ireland gbé èsì àyẹ̀wò oríṣi bọ́gà màlúù 27 jáde. Wọ́n bá DNA ẹṣin nínú 10, ti ẹlẹ́dẹ̀ nínú 23! Wọ́n ti lọ ẹran náà kúnná, ojú lásán kò lè dá a mọ̀.

Ní Adó-Èkìtì ńkọ́, níbi tí ẹran ìgbẹ́ ti ń bá iyán rìn? Bí wọ́n bá ti gé ọ̀yà wẹ́wẹ́, tí èéfín àti ata bò ó, ta ló máa dá a mọ̀? Orí, ẹsẹ̀ àti ìrù ló ń tú àṣírí. Ẹ ní kí olóúnjẹ fi wọ́n hàn yín. Ẹni tí ẹ̀sìn tàbí ìdílé rẹ̀ ka ẹran kan léèwọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó mọ ohun tó ń jẹ. Bí wọ́n bá purọ́ fún yín, ẹ fẹjọ́ sun FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà.