Eyín Tó Dákẹ́, Kò Tíì Sàn

 

Àwọn àgbà ní ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Òótọ́ ni. Bí ẹnì kan ò bá wá, ata á tà, ẹ̀fọ́ á tà, mọ́tò á sì máa já èrò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjà ò bá mọ̀, ẹgbẹ́ mọ̀. Nígbà tí ìjókòó ìyá kan ṣófo fún ọjọ́ mẹ́ta ní ọ̀wọ́ aláta, a rán ọmọ lọ sílé wọn. Èsì tó mú bọ̀ ni pé eyín ló ń dùn wọ́n. Àwa kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Eyín kẹ̀? Kí ló wà nínú eyín tí kò ní jẹ́ kí èèyàn wá sọ́jà? Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ lẹ́nu wa.

Ìyá náà fúnra wọn ló ní ká kọ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. A ò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọ̀kan nínú eyín ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń rún ẹran ló ti lu láti ọjọ́ pípẹ́. Bí wọ́n bá mu omi tútù, á ta wọ́n. Bí ó bá ta wọ́n, wọ́n á fi apá kejì jẹun. Nígbà tó wá ń dùn lóru, wọ́n ra oògùn ìrora lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Ẹnì kan ní kí wọ́n da oògùn orí fífọ́ oníyẹ̀fun sínú ihò náà, wọ́n dà á. Ẹlòmíràn ní omi bátìrì mọ́tò ló ń pa kòkòrò eyín, wọ́n fi òwú tọ́ ọ sí i, ó sì bó ẹnu wọn. Lọ́jọ́ kan ni ìrora náà dáwọ́ dúró. Inú wọn dùn, wọ́n ní Ọlọ́run ti ṣe é, wọ́n padà sídìí ata.

Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n jí lówùúrọ̀, abẹ́ àgbọ̀n wọn ti wú bí tìmùtìmù. Ẹnu ò ṣí ju ìka kan lọ. Itọ́ ò ṣeé gbé mì. Ohùn wọn yí padà bíi ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ tí a rán ṣe bá wọn nìyẹn. Nígbà tí a dé ibẹ̀, a ò dúró gbọ́ àlàyé, a gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Àwọn dókítà gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n la abẹ́ àgbọ̀n wọn kí ọyún lè jáde, wọ́n sì yọ eyín náà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà sọ fún wa pé bí a bá tún dúró di ọjọ́ kejì, wíwú náà ì bá ti dí ọ̀nà ọ̀fun, èémí ì bá sì ti dúró. Owó ọjà bá a lọ, owó àjọ bá a lọ, ẹgbẹ́ tún yá wọn lé e. Wọ́n yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n àpá wà lábẹ́ àgbọ̀n wọn títí dòní.

Eyín tó ń pa èèyàn lọ yìí, nígbà tó kọ́kọ́ lu, dókítà eyín ì bá kàn fọ ihò náà, kí ó dí i, kí ìyá sì padà sọ́jà lọ́jọ́ náà.

KÍ LÓ DÉ TÍ EYÍN FI DÁKẸ́?

A bi dókítà léèrè pé, ṣé eyín tó ti dákẹ́ kò tíì sàn ni? Ó ní òde eyín le, kò sí ohun tó le tó o lára èèyàn. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ rọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti iṣan wà níbẹ̀. Nígbà tí ihò bá jẹ dé ibi iṣan, eyín á máa dùn. Nígbà tí iṣan bá kú, kò ní dùn mọ́. Eyín yẹn ò sàn o, ó kú ni. Òkú a sì máa rà. Ìdíbàjẹ́ náà á máa gba gbòǹgbò sọ̀ kalẹ̀ wọ inú egungun àgbọ̀n láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹni tí eyín rẹ̀ ti dùn rí tó wá dákẹ́ láìjẹ́ pé ó rí dókítà, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó sáré.

Kòkòrò tí àwọn baba wa ń wí ńkọ́? Kò sí ekòló kankan nínú eyín. Ohun tó wà níbẹ̀ ni bakitéríà, wọ́n kéré débi pé ojú ò lè rí wọn, kò sì sẹ́ni tí wọn ò sí lẹ́nu rẹ̀. Ṣúgà tí a bá jẹ ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n á tu omi kíkan jáde, omi kíkan yẹn ló ń yọ́ eyín. Itọ́ ẹnu wa ló ń ṣan án kúrò, ṣùgbọ́n ó lè gbà á tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ẹni tó mu mínírà kan pẹ̀lú oúnjẹ tó sì mu ún tán, eyín rẹ̀ jìyà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà tó ń fà á díẹ̀díẹ̀ láti aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́ta, eyín rẹ̀ kò sinmi rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti súwíìtì tí a ń lá, bisikíìtì, àti tíì olóṣúgà. Èyí gan-an ni àṣà àwa ọlọ́jà. Ẹ jẹ́ ká jẹ ohun dídùn pẹ̀lú oúnjẹ, kí omi lásán jẹ́ ohun tí a ń mu sídìí ọjà. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná.

Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká yéé fi eyín tú kókó náílọ́ọ̀nù, ká yéé fi í ṣí ìgò. Eyín kì í ṣe ọ̀bẹ.

ÈRÌGÌ TÓ Ń ṢẸ̀JẸ̀

Èrìgì ni ẹran tó di eyín mú. Bí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí a ń fọ ẹnu, ọ̀pọ̀ wa á ní búrọ́ọ̀ṣì ló le, a ó sì yéé fọ ibẹ̀. Àṣìṣe ni. Ìdọ̀tí tó wà nídìí eyín ló ń fa ẹ̀jẹ̀ náà, ìgbà yẹn ló sì yẹ ká máa fọ ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lójoojúmọ́. Bí ìdọ̀tí yẹn bá pẹ́, á gan, á le bí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù. Búrọ́ọ̀ṣì ò lè ṣí i mọ́, pákò ò lè ṣí i, àfi irinṣẹ́ dókítà eyín. Bí a bá fi í sílẹ̀, èrìgì á fà sẹ́yìn, egungun á jẹ, eyín á máa mì. Kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń yọ eyín àgbàlagbà, àìtọ́jú èrìgì ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Àwọn kan ní fífọ eyín nílé ìwòsàn ló ń mú kí eyín mì. Eyín náà ti ń mì tẹ́lẹ̀, ìdọ̀tí gígan yẹn ló kàn dì í mú. Wọ́n tún ní bí wọ́n bá yọ eyín òkè, ojú á fọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kí ó fetí sílẹ̀: àtọ̀gbẹ máa ń ba èrìgì jẹ́, èrìgì tó bàjẹ́ náà sì máa ń mú kó ṣòro láti kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Aboyún náà, èrìgì wọn máa ń tètè wú, ó sì ń tètè ṣẹ̀jẹ̀. Aboyún lè rí dókítà eyín, kí wọ́n ṣáà sọ fún un pé inú wà.

PÁKÒ TÀBÍ BÚRỌ́Ọ̀ṢÌ?

A ò sọ pé kí ẹ ju pákò nù. Ní ọdún 1971, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ifẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí pákò ilẹ̀ wa, wọ́n sì rí i pé omi ara rẹ̀ ń bá bakitéríà jà. Ní ọdún 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fọwọ́ sí i pé kí àwọn tó ní pákò nílẹ̀ wọn máa lò ó. Orín àtà tó ń ta ẹnu, pákò Ìjẹ̀bú, ayán, orógbó, gbogbo wọn ni àwọn ìyá wa ń tà. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lò ó ló kù díẹ̀ káàtó. Eyín iwájú nìkan la ń rún un mọ́ nígbà tí a ń dá oníbàárà lóhùn. Ẹ rún un kí ó rọ̀ bíi búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ gbé e dé eyín inú lọ́hùn-ún, níta àti nínú. Ẹ gé orí rẹ̀ tó ti lò nù, kí ẹ má sì kó o mọ́ owó nínú àpò ìbàdí.

Ohun tí pákò ò ní ni fúlóráìdì tó ń mú kí eyín le sí omi kíkan. Inú ọṣẹ ìfọyín ló wà, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Ẹ fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìṣẹ́jú méjì méjì. Ti alẹ́ kí a tó sùn ló ṣe pàtàkì jù, torí itọ́ kì í sun dáadáa lóru. Ẹ tu ọṣẹ náà dànù, kí ẹ má fi omi púpọ̀ ṣan ẹnu, kí fúlóráìdì lè dúró. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Èédú àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń fọ eyín kó lè funfun, ara eyín ni wọ́n ń bó.

ỌMỌ TÓ WÀ LẸ́YÌN WA

Eyín ọmọ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Láti ọjọ́ yẹn ni kí a ti máa fọ̀ ọ́, ọṣẹ tó mọ bí hóró ìrẹsì kan ti tó. Kí ọmọ má fi ìgò olóṣúgà sẹ́nu sùn lábẹ́ ìsọ̀. Nígbà tí ọmọ bá pé nǹkan bí ọdún mẹ́fà, eyín ńlá kan á hù lẹ́yìn gbogbo èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀, láìjẹ́ pé èyíkéyìí yọ. Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé eyín ọmọdé ni, pé á ṣì yọ. Kò ní yọ o, èyí tó máa bá a dalẹ́ nìyẹn.

Eyín híhù kì í sì í ṣe àìsàn. Bí ara ọmọ bá gbóná gan-an tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó lè jẹ́ ibà. Ẹ rántí ọdún 2008, nígbà tí wọ́n fún àwọn ọmọ ní oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Májèlé ti wọ inú rẹ̀, ó ju ọgọ́rin ọmọ lọ tó kú ní Nàìjíríà. Eyín tó ń hù lásán ni àwọn ìyá yẹn ń wá ìwòsàn fún.

Bí egbò bá sì yọ lẹ́nu ọmọ, pàápàá lẹ́yìn èéyi tàbí nígbà tí oúnjẹ ò tó, tó ń rùn, ẹ má fi dọ̀la. Noma lè ni, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti èrìgì, ó sì ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí a bá tètè mú un, oògùn àti oúnjẹ tó dára á dá a dúró. Sókótó ni ilé ìwòsàn rẹ̀ wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ mọ́ àwọn àrùn tí ayé ti patì.

NÍBO LA Ó LỌ?

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀mú yọ eyín lábẹ́ agboòrùn. Ẹ̀mú tó ti ẹnu ẹnì kan bọ́ sí ẹnu ẹlòmíràn lè kó àrùn ẹ̀jẹ̀ ranni. Dókítà eyín wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, wọ́n sì wà ní Federal Medical Centre ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, tí àwa àgbà mọ̀ sí ọsibítù Réluwéè. Ẹni tó bá ti wọ ètò Ìlera Èkó, kí ó bèèrè ohun tí wọ́n ń san lórí eyín. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí dókítà wo ẹnu wa nígbà tí ohunkóhun ò dùn wá. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní, ta ni yóò bá wa jókòó ti ọjà? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, pé kí a máa lọ lẹ́ni márùn-ún márùn-ún láti ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó jókòó tì wá bá wa tà títí a ó fi dé. Ìyá aláta ti ní àwọn ni yóò ṣáájú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ wá fọwọ́ sí i.

Ọjà Ọ̀yìngbò kò ní mọ̀ pé a ò wá. Àwọn ọmọ wa ló máa mọ̀.

Ire o.

Akọ̀wé ẹgbẹ́