Bí Mọ́tò Ò Bá Ráyè Dúró, Ọjà Ò Ní Tà

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kan gbogbo wa, àtẹni tó ń ta ata àtẹni tó ń ta aṣọ, àtẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù àtẹni tó pàtẹ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibi tí mọ́tò máa dúró sí ni.

Ọ̀pọ̀ ará Akute, Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gba Ojodu Berger àti Alagbole wọlé, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọjà wa máa ń gbóná. Àmọ́ ìgbà yẹn náà ni dánfó ń já èrò sáàárín títì, tí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ń tò síwájú ìsọ̀, tí àtẹ tiwa náà sì ti kọjá gọ́tà. Oníbàárà á rí tòmátì tó wù ú látinú mọ́tò, ṣùgbọ́n níbo ló máa dúró sí? Tó bá dúró, hóònù á bò ó, àwọn TRACE tí ìjọba Ògùn dá sílẹ̀ ní 2006 sì lè mú un. Á kúkú kọjá lọ ni. Ẹlòmíì, Ògbà ló ti máa rajà kó tó wálé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wò. Ká ní oníbàárà kan fi 20 ìṣẹ́jú ra nǹkan ọbẹ̀. Àyè mọ́tò kan ṣoṣo á gba èèyàn mẹ́ta ní wákàtí kan. Láti aago 8 àárọ̀ di aago 6 ìrọ̀lẹ́, 30 oníbàárà nìyẹn. Tí ẹnì kan nínú wa bá wá gbé mọ́tò tiẹ̀ síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, àyè ọgbọ̀n èèyàn ló gbà. Ẹni tó ní kí èkuru tán nínú àwo, kì í gbọn ọwọ́ ẹ̀ sínú àwo.

Ẹni tó bá ní kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀, kó wo Òṣòdì. Ọjà àti mọ́tò ló jọ gba títì níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní January 2009, ìjọba Gómìnà Babatunde Fashola kó katakata wọbẹ̀. Ní January 2016, nígbà Gómìnà Akinwunmi Ambode, wọ́n wó ọjà Owónífáàrí. April 2019 ni wọ́n tó ṣí páàkì ńlá tuntun níbẹ̀. Páàkì náà dáa, kò sírọ́ ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n wó ìsọ̀ ẹ̀ ní 2009, ọdún mẹ́wàá kọjá lórí ẹ̀ kí páàkì tó dé.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tètè sọ̀rọ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti dá ọjà àti páàkì mọ́tò sílẹ̀, láti tọ́jú wọn àti láti ṣètò wọn. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ ni Akute wà. Tí Ìyálọ́jà bá kó wa lọ síbẹ̀ lọ bèèrè ibi tí mọ́tò máa dúró sí, kì í ṣe àánú là ń tọrọ, ẹ̀tọ́ wa ni. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Kí kaǹsù tó dáhùn, nǹkan mẹ́rin wà níkàáwọ́ wa:

1. Kí àtẹ ẹnikẹ́ni má kọjá gọ́tà.

2. Kí lọ́rì já ẹrù kí aago 8 àárọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn tí ọjà bá ti tú.

3. Kí àwa tá a ní mọ́tò dáwó jọ, ká gba àyè nínú ọgbà onílé kan tó wà nítòsí.

4. Ká lọ bá àwọn olórí onídánfó, ọlọ́kadà àti oní-Márúwá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí wọ́n yan ojú kan tí wọ́n á ti máa já èrò. Ká má bá wọn jà o, àwọn náà ló ń gbé oníbàárà wá bá wa.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ẹni tó pàtẹ sétí títì, àìrówó gba ìsọ̀ ló gbé e débẹ̀. Tá a bá lé e láìfi ibòmíì hàn án, kí lọmọ ẹ̀ máa jẹ? Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, tí iwájú ẹ̀ sì fẹ̀, ẹ yọ̀ǹda ibi tí àtẹ kan máa gbà fún un. Ọjà kan náà la jọ ń ná.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé, kí kálukú sọ tiẹ̀. Ọjà á tà, katakata ò ní wọ ọjà wa o. Àṣẹ.