Bí Ẹni tí a Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Ẹ̀dọ̀fóóró Fún Ṣe Lè Tètè Dìde

Ẹ̀dọ̀fóóró ni gbogbo wa fi ń mí. Méjì ni. Ọ̀kan wà ní apá ọ̀tún àyà, ọ̀kan wà ní apá òsì. Ti ọ̀tún pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ti òsì pín sí ọ̀nà méjì. Bí àrùn jẹjẹrẹ bá mú ìpín kan, tí kò sì tíì tàn kálẹ̀, dókítà lè gé ìpín náà kúrò, kí àwọn tó kù máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní ọdún 1933, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, Dókítà Evarts Graham gé odidi ẹ̀dọ̀fóóró òsì kúrò ní àyà ọkùnrin kan tí jẹjẹrẹ mú. Dókítà ni ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. James Gilmore ni orúkọ rẹ̀. Ó ju oṣù méjì lọ kó tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó yè. Nígbà tí Graham kú ní ọdún 1957, Gilmore ṣì wà láàyè. Ẹ wá gbọ́ o: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóóró yìí kan náà ló pa Graham, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mu sìgá.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n gé ìpín kan ẹ̀dọ̀fóóró wọn ń padà sílé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ló fà á? Ọ̀nà iṣẹ́ abẹ ti yí padà lóòótọ́. Ihò kéékèèké ni wọ́n ń lu sí ìhà ẹlòmíràn, wọn a ti kámẹ́rà kékeré bọ̀ ọ́, wọn kò ní la àyà yàà mọ́. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kọ́. Ìtọ́jú tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ àtèyí tó tẹ̀ lé e ti yí padà pẹ̀lú. Dókítà Henrik Kehlet, ará Denmark, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 2000, lórí àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún. Ó béèrè pé: kí ló tilẹ̀ ń dá aláìsàn dúró sórí ibùsùn? Ní ọdún 2019, àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù àti ibòmíràn tẹ ìlànà irú ìtọ́jú yìí jáde fún iṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀fóóró.

Ohun tí a ń bẹ̀rù jù lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ni òtútù àyà. Báyìí ló ṣe ń wáyé. Ìhà ń dun aláìsàn, nítorí náà kò fẹ́ mí kanlẹ̀, kò sì fẹ́ wúkọ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á wá dúró sínú àyà, àwọn kòkòrò àrùn á sì rí ibi bí sí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀fóóró tó kù kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń bá ìrora jà gidigidi. Wọ́n máa ń fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tó ń pa iṣan ìhà lára, wọn a sì fi oríṣi oògùn ìrora méjì tàbí mẹ́ta kún un. Oògùn líle tó ń kunni lóorun, díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ lò nínú rẹ̀, nítorí ó ń dín agbára mímí kù, ó sì ń mú èébì wá.

Láyé àtijọ́, wọn á ní kí aláìsàn má jẹ má mu láti òru mọ́jú. Èyí kò yẹ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oúnjẹ líle á dúró ní wákàtí 6 ṣáájú oògùn oorun, ṣùgbọ́n omi gaara ṣeé mu títí di wákàtí 2 ṣáájú. Omi gaara ni mo wí o! Ẹ̀kọ mímu kì í ṣe omi gaara, mílíìkì náà kọ́. Ohun tí dókítà bá sọ fún aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kó tẹ̀ lé.

Ẹni tó ń mu sìgá gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ti rù, wọn á fún un ní oúnjẹ tó ń mú ara le. Ẹni tí kò lè rìn jìnnà láìmí hẹlẹ, wọn á kọ́ ọ ní ìdárayá àti bí a ti ń mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, rọ́bà kan máa ń wà ní ìhà aláìsàn tí atẹ́gùn àti omi inú àyà ń gbà jáde. Ó ń dunni, kì í sì í jẹ́ kéèyàn rìn fàlàlà. Nítorí náà, ní kété tí atẹ́gùn bá ti dákẹ́ jíjò, tí omi náà kò sì pọ̀ jù, wọn á yọ ọ́. Omi tí wọ́n ń fà sí i lára pàápàá, ìwọ̀n ni. Bó bá pọ̀ jù, á lọ kún inú ẹ̀dọ̀fóóró tó kù.

Kí ọjọ́ kan tó pé, nọ́ọ̀sì á ti ní, “Bàbá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká rìn díẹ̀.” Àwọn ẹbí lè bínú pé, “Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni? Àná lẹ là á!” Kì í ṣe ìkà. Ìrìn ń ṣí ẹ̀dọ̀fóóró, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ní ẹsẹ̀. Bí ikọ́ bá fẹ́ wá, kí aláìsàn gbá ìrọ̀rí mọ́ ojú ọgbẹ́, kó sì hú u dáadáa.

Nígbà tó bá délé, ara á ṣì máa rẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí èémí rẹ̀ ń há, tí ẹsẹ̀ kan wú, tàbí tí ojú ọgbẹ́ ń ṣọyún, kí wọ́n gbé e padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá.